Ọ́ìlì Tó Dà Síbi Ìgbọ́kọ̀sí: Ìdí Tí Omi Nìkan Kò Fi Lè Mú Un Kúrò

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀. Ọ́ìlì jò sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n da omi lé e, wọ́n da ọṣẹ sí i, wọ́n gbo ó títí apá fi ń ro wọ́n. Ilẹ̀ náà mọ́ lójú, inú wọn dùn. Nígbà tí oòrùn yóò fi gbẹ omi ibẹ̀ tán, àbàwọ́n dúdú náà tún ti wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ìgbà náà ni ìmọ̀ràn máa ń ya wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹnìkan á ní kẹrosíìnì ló ń mú un. Òmíràn á ní ásíìdì ni. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n da ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sí i kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nínú gbogbo èyí, àwọn kan kò wúlò, àwọn kan ń dá kún ìbàjẹ́, àwọn míì sì lè pa èèyàn lára. Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ náà ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé orí ilẹ̀ ni ọ́ìlì wà, nígbà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló wà. Fífà ni à ń fa ọ́ìlì jáde, a kì í fi omi lé e lọ. Bí èyí bá ti yé èèyàn, á mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe rárá.

Kí ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí ló sì dé tí kò gbọ́ ti omi?

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ohun ṣíṣàn tó ń jẹ́ kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì máa yọ̀ lórí ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n ń họ ara wọn. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á po àwọn èròjà mìíràn mọ́ ọn: èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, èyí tó ń gbá ẹ̀gbin mú kó má bàa lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ́ìlì kan wà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló to èròjà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ̀rọ̀ àbàwọ́n orí ilẹ̀, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù.

Ọ́ìlì kì í pò mọ́ omi. Èérún omi, àwọn tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, máa ń fa ara wọn mọ́ra gidigidi, wọn kì í sì í fún èérún epo láyè láàárín wọn. Ọ́ìlì tún fúyẹ́ ju omi lọ. Lítà omi kan wọn gíráàmù 1,000. Lítà ọ́ìlì kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 870. Nítorí náà, bí ẹ bá rọ omi lé ọ́ìlì tó wà nílẹ̀, ńṣe ni omi á gbé e sókè, á sì máa gbé e kiri. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ á wá gba gbogbo iwájú ilé. Àwọ̀ oríṣiríṣi tó máa ń tàn lójú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì pé ó ti ń mọ́. Ọ́ìlì ló tẹ́ pẹlẹbẹ sójú omi, tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bà á ń yà sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tún burú ju tuntun lọ. Tuntun máa ń mọ́ rokoṣo, ó pọ́n díẹ̀. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ dúdú nítorí pé ó ti gba èéfín iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti gba lẹ́búlẹ́bú irin tó ń ṣí kúrò lára irin, àti àwọn èròjà tí ooru bí, tí díẹ̀ nínú wọn lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Bó bá kàn yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tán. Awọ ara tó ń bá a pàdé lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ ló wà nínú ewu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kí ló dé tí àbàwọ́n náà fi ń padà wá?

Kọnkéré le lójú, ó sì le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dí. Nígbà tí wọ́n bá ń po sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta, omi tí wọ́n ń dà sí i máa ń pọ̀ ju èyí tí sìmẹ́ńtì nílò láti fi le lọ. Bí kọnkéré bá ti ń gbẹ, omi tó ṣẹ́kù á fà kúrò, ibi tó gbà kọjá á sì di ihò tíntìntín tó já sí ara wọn káàkiri. Ẹni tó bá ti rí àmù amọ̀ tó kún fún omi, tí ara rẹ̀ ń làágùn láti ìta láìjẹ́ pé ó sán, ti rí irú ihò tí mò ń wí. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ohun ṣíṣàn mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà tí ọ́ìlì bá kán sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tì í wọlé. Ihò tó bá ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ a máa fa ohun ṣíṣàn sínú ara rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti rì wọlé, bó bá sì ṣe ń pẹ́ tó ló ń wọlé sí i, tó sì ń tàn kálẹ̀ lábẹ́. Ìdí nìyí tí àbàwọ́n àná fi rọrùn ju ti oṣù tó kọjá lọ, tí ti oṣù tó kọjá sì fi rọrùn ju èyí tí ẹ bá nílẹ̀ nígbà tí ẹ kó wọlé.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi omi àti ọṣẹ gbo ilẹ̀ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kọnkéré tó bá tutù máa ń dúdú ju èyí tó gbẹ lọ. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló dúdú, kì í ṣe ojú àbàwọ́n nìkan, nítorí náà ojú kò lè ya àbàwọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ó jọ pé ó ti lọ, kò sì lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tó wà lókè pátápátá lè ti bá ọṣẹ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń pa ilẹ̀, ọ́ìlì náà á gbóná, á ṣàn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀, á sì máa gun àwọn ihò tó ti ṣófo lókè bọ̀. Ohun tó padà wá kò lọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọṣẹ yín kò dára tàbí pé ẹ kò gbo ó tó. Ojú ilẹ̀ ni iṣẹ́ yín dé, kò dé inú ilẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ ni: kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má ṣe fi omi kàn án. Mo mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn èèyàn ni kó sáré mú rọ́bà omi, ṣùgbọ́n omi ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́, tí ọ́ìlì náà sì ń ṣàn, ẹ fi yanrìn gbígbẹ tàbí aṣọ àkísà dí i lójú níbi tó ń forí lé. Bó bá pọ̀ débi tó fi lami, ẹ tẹ́ àkísà tàbí ìwé ìròyìn lé e kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gbé e kúrò lódindi. Ẹ má nù ún. Nínù ló ń fẹ àbàwọ́n lójú.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ohun gbígbẹ tó lè mu ọ́ìlì lé e. Èyí tó dára jù ni amọ̀ gbígbẹ oníhóró tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ológbò nínú ilé, èyí tí kì í dì pọ̀ bí omi bá kàn án. Bí kò bá sí, lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ igi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Yanrìn gbígbẹ ń ṣe é dé àyè kan, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì náà ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ń jó awọ ara, ó sì ń kó sí ojú àti imú. Láti etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, kí ẹ máa bọ̀ wá sí àárín, kí ọ́ìlì má bàa rí ọ̀nà sá. Ẹ jẹ́ kó nípọn.

Kì í ṣe kí ẹ dà á kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi bàtà tí kò ní yín lára tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa yí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ kí hóró amọ̀ náà lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó sì wọ inú àwọn ihò kéékèèké ilẹ̀. Bí ẹ bá dúró wò ó, ẹ ó rí i tí àwọ̀ eérú rẹ̀ ń dúdú láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Bó bá ti dúdú délẹ̀, ó ti yó. Ẹ gbá a kúrò, kí ẹ da òmíràn. Fún èyí tó kẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí èyí tí ẹ dà kò bá yí àwọ̀ padà mọ́ ló tó kan ọṣẹ.

Ìtàn kékeré kan wà lórí amọ̀ ológbò yìí tí mo fẹ́ràn. Ní ọdún 1947, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ed Lowe ń ta amọ̀ tó ń mu ọ́ìlì fún àwọn ilé-iṣẹ́, kí wọ́n lè máa fi gbẹ ohun tó bá dà sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan wá yanrìn wá fún ológbò rẹ̀, Lowe sì fún un ní amọ̀ náà dípò yanrìn. Bí òwò ńlá yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi amọ̀ ológbò gbẹ ọ́ìlì kò ṣe ohun àjèjì. Iṣẹ́ tí amọ̀ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló dá a padà sí.

Kí ni ọṣẹ ń ṣe gan-an?

Èérún ọṣẹ kọ̀ọ̀kan gùn, ó sì ní ìpẹ̀kun méjì. Ìpẹ̀kun kan fẹ́ràn omi, èkejì sá fún omi ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn epo. Bí ẹ bá po ọṣẹ mọ́ ọ́ìlì, àìmọye èérún yìí á ki ìpẹ̀kun tó fẹ́ràn epo bọ inú ọ́ìlì, wọ́n á sì yí i ká títí tó fi máa já sí èkán kéékèèké. Ìpẹ̀kun tó fẹ́ràn omi á kọjú síta. Omi tí kò fẹ́ rí ọ́ìlì sójú á wá gbé èkán náà, nítorí pé ara ọṣẹ nìkan ló ń bá pàdé.

Iṣẹ́ yìí gba àkókò, ó sì gba pé kí ọṣẹ bá ọ́ìlì pàdé gan-an. Ẹni tó bu omi púpọ̀ síbẹ̀ kó tó da ọṣẹ ti ba ọṣẹ náà jẹ́, nítorí pé omi ló máa bá ṣeré. Ẹ da ọṣẹ sí ojú àbàwọ́n gbígbẹ. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ dára, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà dára. Ẹ wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i kó lè ki, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ káàkiri, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Bó bá ti ń gbẹ, ẹ tún wọ́n omi sí i. Omi gbígbóná ṣe pàtàkì nítorí pé ooru ń sọ ọ́ìlì di ṣíṣàn, kò sì ní lè di ògiri ihò mú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì oníke tó le ni kí ẹ fi gbo ó. Búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọn ègé rẹ̀ á há sínú kọnkéré, wọ́n á sì dípẹtà. Ẹ ó wá ní àbàwọ́n pupa lórí dúdú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún: wọ́n á fa rọ́bà omi, wọ́n á fi omi lé ìhó dúdú náà lọ sí ojú àgbàrá. Ìhó yẹn ti gbé ọ́ìlì. Ẹ tún da amọ̀ gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó lé e, ẹ jẹ́ kó mu ún, kí ẹ gbá a, kí ẹ kó o. Bí ìhó tó ń jáde bá ti funfun, kí ẹ wá fi omi díẹ̀ ṣan ibẹ̀.

Àbàwọ́n tó ti pẹ́ ńkọ́?

Ibí ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́ ju agbára lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ òkúta àti kọnkéré ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fa àbàwọ́n jáde láti inú, tí kò le láti ṣe.

Ẹ wá ìyẹ̀fun gbígbẹ kan tó lè mu nǹkan. Amọ̀ ológbò tí ẹ gún kúnná dára. Ẹ fi omi ọṣẹ tó lágbára po ó títí á fi ki bí ohun tó ṣeé fi ọwọ́ rẹ́. Ẹ rẹ́ ẹ sójú àbàwọ́n náà kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, kó sì kọjá etí àbàwọ́n díẹ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ fi nǹkan tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí náílọ́ọ̀nù kúrò kí ohun tí ẹ rẹ́ náà lè gbẹ pátápátá. Bó bá ti gbẹ, tó ti ń sán, ẹ fi ohun onípákó tàbí oníke họ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ méjèèjì ní iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí náílọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, omi ọṣẹ kò rí ọ̀nà gbẹ, nítorí náà ó ń rì wọ inú ihò lọ bá ọ́ìlì, ó ń tú u. Nígbà tí ẹ ṣí i, gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi inú ihò sì ń gòkè wá dípò èyí tó ń gbẹ, ó ń gbé ọ́ìlì dání. Omi á bá afẹ́fẹ́ lọ, ọ́ìlì kò lè bá a lọ, inú ìyẹ̀fun ló máa há sí. Bí ẹ bá yí ègé kan lára ohun tí ẹ họ wò, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ dúdú. Ọ́ìlì tó wà nínú kọnkéré tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó fún àbàwọ́n tó ti lé lọ́dún. Á rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe, á tún rẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń fi ásítóònì, ohun olómi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, po ìyẹ̀fun náà dípò omi ọṣẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń yára gbaná, òórùn rẹ̀ sì ń kọ lu èèyàn, nítorí náà èmi kì í gba ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó lò ó.

Ọ̀nà mìíràn ni ti bakitéríà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé epo rọ̀bì àti ohun tó jáde láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo sí etíkun Alaska lọ́dún 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n wọ́n sí àwọn etí òkun kan kí bakitéríà tó ti wà níbẹ̀ lè pọ̀ sí i kí wọ́n sì yára jẹ epo náà. Wọ́n ń ta irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ nínú ike báyìí fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n nílò ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, iṣẹ́ wọn sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá da bílíìsì síbẹ̀, ẹ ti pa wọ́n.

Kẹrosíìnì, ásíìdì, sódà àti bílíìsì: èwo ló yẹ ká gbà?

Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù máa ń tú ọ́ìlì lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà pé wọ́n ń mú un. Ẹni tó bá da kẹrosíìnì sílẹ̀ á rí i tí àbàwọ́n náà ń rẹ̀ lójú rẹ̀. Ibi tó lọ ni kò rí: ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì tó ki ti di ṣíṣàn, ó sì ti bá kẹrosíìnì wọ inú ihò tí òun nìkan kò lè dé tẹ́lẹ̀. Ti bẹntiróòlù tún burú jù, nítorí èéfín rẹ̀ ń gbaná kódà nígbà òtútù, ó sì ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tó wà lókèèrè. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fọ ilẹ̀ láéláé.

Ásíìdì kò rí ọ́ìlì bá jà rárá. Sìmẹ́ńtì ló ń jẹ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń jẹ ojú kọnkéré, àbàwọ́n tó wà lójú á bá ojú náà lọ díẹ̀, ẹni tó dà á á sì rò pé ó ti mọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ti di háháhá, ihò rẹ̀ ti là sí i, ọ́ìlì tó bá sì tún kán síbẹ̀ á wọlé ju ti tẹ́lẹ̀. Ọtí kíkan àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ásíìdì ló wà nínú àwọn náà. Tiwọn kàn rọ̀ ni.

Kọ́sítíìkì sódà ló ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù, nítorí wọ́n mọ̀ pé sódà líle àti epo ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo tó wá láti ara igi tàbí ọ̀rá tó wá láti ara ẹran ni sódà ń sọ di ọṣẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wá láti inú epo rọ̀bì, kò sì ní apá tí sódà lè dì mú. Ẹ lè fi sódà fọ ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ààrò, kò ní sọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì di ọṣẹ láé, awọ ara àti ojú yín ló máa jó.

Bílíìsì ń pa àwọ̀ rẹ́, kì í mú ọ́ìlì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti da ásíìdì tí kò rí àyípadà lè da bílíìsì lé e. Àwọn méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ kiloríìnì ló ń jáde, ó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe po ohun ìfọlẹ̀ kan mọ́ òmíràn.

Bí ilẹ̀ náà kì í bá ṣe kọnkéré ńkọ́?

Ilẹ̀ ọlọ́dà, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì, yàtọ̀ gan-an. Inú epo rọ̀bì ni ọ̀dà náà ti wá, ìbátan ọ́ìlì ni, nítorí náà ọ́ìlì tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ á sọ ọ́ di rírọ̀, òkúta ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Kẹrosíìnì àti ásítóònì á yọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ohun gbígbẹ, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tí kò le púpọ̀ nìkan ni kí ẹ lò níbẹ̀. Bó bá ti rọ̀ débi pé ẹ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò sí ohun ìfọ̀ tó lè tún un ṣe mọ́. Gígé apá ibẹ̀ àti dída òmíràn ló kù.

Ti bíríkì onísìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tò sílẹ̀, íńtálọ́ọ̀kì, bíi ti kọnkéré ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè yọ èyí tó bàjẹ́ kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára, nítorí á fọn gbogbo yanrìn tó wà láàárín wọn jáde.

Níbo ni omi ìdọ̀tí náà ń lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ojú kì í rí òpin rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi tó wọ gọ́tà etí títì kì í kọjá síbi tí wọ́n ti ń sọ omi di mímọ́. Odò ló ń lọ tààrà. Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n bá fà kúrò nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lè ba omi tó mọ́ tó gálọ́ọ̀nù 1,000,000 jẹ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà 3,800,000. Ọ́ìlì tó bo ojú omi kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹja àti ohun abẹ̀mí mìíràn tó wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà, amọ̀, àkísà àti ìyẹ̀fun tí ẹ gbá jọ, ẹ kó wọn sínú ike tàbí agolo tó ní ìdérí. Ẹ má sun wọ́n, ẹ má sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yín. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì olómi lẹ bù, ẹ má po ó mọ́ bẹntiróòlù tàbí omi rédíétọ̀, nítorí ọ́ìlì àtijọ́ tí kò ní àdàlù ṣì wúlò. EPA náà sọ pé gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì 42 ni wọ́n nílò kí wọ́n tó rí nǹkan bíi lítà 2.4 ọ́ìlì tuntun nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù 1 ọ́ìlì àtijọ́ péré ti tó láti rí iye kan náà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán?

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá kán omi díẹ̀ sójú ibẹ̀. Bí omi bá rì wọlé, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ihò ti ṣí, ọ́ìlì ti kúrò níbẹ̀. Bí omi bá dúró róbótó lórí ilẹ̀ tí kò wọlé, ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kun ilẹ̀ náà ní ohun tó ń dí ihò tẹ́lẹ̀. Ẹ má kun ọ̀dà tàbí ohun ìdíhò kankan kí omi tó wọlé bẹ́ẹ̀. Lórí ọ́ìlì, ńṣe ló máa bó kúrò. Bó bá ti mọ́ ni kí ẹ kùn ún, ọ́ìlì tó bá sì kán lẹ́yìn náà á dúró lókè tí ẹ ó fi rí àyè gbá a.

Níbo ló ti ń jò?

Kò sí àǹfààní kankan nínú ilẹ̀ tí a fọ̀ mọ́ bí ọkọ̀ bá ṣì ń jò lé e. Ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà. Ní òwúrọ̀, ibi tí èkán bá wà lórí páálí á fi apá ibi tó ti ń wá hàn, àwọ̀ rẹ̀ á sì sọ ohun tó jẹ́. Èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ó sábà máa ń jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń tú láti fi fa ọ́ìlì kò le dáadáa, tàbí pé fílítà kò jókòó, tàbí pé rọ́bà tó dí ojú ìpàdé irin ti gbó. Èyí tó pupa, ọ́ìlì jíà ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, ọsàn tàbí píǹkì, omi rédíétọ̀ ni. Òórùn rẹ̀ dùn, májèlé sì ni fún ajá àti ológbò tó bá lá a, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Omi lásán tí kò ní àwọ̀ tí kò sì yọ̀, ara ẹ̀rọ amúlétutù ló ti wá, kò sí aburú níbẹ̀. Èyí tó mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì wà nítòsí táyà, ó lè jẹ́ ọ́ìlì bíréékì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà rárá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà.